Wáyà Tó Dá Àgùntàn Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró

Ọdún tí dumsor le jù lọ, tí iná mànàmáná máa ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó àwọn àgùntàn rẹ̀ kúrò ní àgbàlá wa ní àdúgbò Alajo. Kì í ṣe pé ó wù ú. Àwọn ará ilé ti ń kùn tipẹ́. Àwọn àgùntàn ń jẹ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, wọ́n ń ṣu sẹ́nu ọ̀nà, àgbò kan sì wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bá ń sáré. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ọṣẹ, súgà àti mílíìkì inú agolo ní ọjà Okaishie. Nígbà tí orúnkún kò gbé e mọ́, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní àgùntàn ni òun máa fi sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí fún un, "ṣé ẹ rò pé àgùntàn máa jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi?"

"Ṣebí ìwọ fi gbogbo ayé rẹ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, o ò sì kú," ló fi dá mi lóhùn.

Òótọ́ ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà yẹn. Sáyẹ́ǹsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ní àkókò lọ́wọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ìdílé Gã kan tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di olóògbé, bá ṣe ọ̀rẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún un ní apá Dodowa, níbi tí ilé ti ń tán lójú ọ̀nà tí pápá sì ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tà á fún un. Wọ́n ní kó máa lò ó títí dìgbà tí àwọn ọmọ wọn bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ilé oníyàrá méjì kan wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹran rẹ̀, èmi náà sì máa ń wọ ọkọ̀ trotro lọ bá a láàárọ̀ nígbà tí mo bá ráyè. Inú rẹ̀ dùn níbẹ̀ ju bí mo ṣe rí i rí lọ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó máa ń tà lára àwọn àgbò nígbà Iléyá, ṣùgbọ́n àwọn abo, kò sí iye tí ẹnì kan lè dá lé wọn tó máa gbà. Àwọ̀ ara wọn ló fi ń pè wọ́n: Dúdú, Pupa, Alámì. Dúdú ni olórí gbogbo wọn. Ibi tó bá lọ ni wọ́n ń lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀ náà ló ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ilá àti ata ló ń gbìn. Awo là ń pè é, bí àwọn Gã ṣe ń pe ìyá. Èdè Twi la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí pé Gã tèmi kò dán mọ́rán, Yorùbá tirẹ̀ náà kò sì ju "ẹ káàárọ̀" lọ, òun ló sì fi ń kí wa lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò kí wa. Igi ilá kan ló mú dání, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Alata," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, "ilá nìyí. Ibo ni ewé rẹ̀ wà?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo igi ilá náà. Lẹ́yìn Awo, Dúdú dúró, ó ń jẹnu, ewé kan sì ṣì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀.

"Awo, ẹ má bínú. Ebi ló ń pa wọ́n."

"Ebi kẹ̀? Ẹ wo ikùn wọn! Ilá mi ni wọ́n fi ń ṣe ìpanu. Èyí tí wọn ò jẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ọgbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí a dé, ẹ̀ka igi lásán ni, ikán ti jẹ ìdí gbogbo rẹ̀. Awo ti fara dà á títí ó fi sú u. Ó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ náà tó àgbà ìdílé létí, ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ataa. Ataa sì ti ní bí àgùntàn bá tún wọ oko yẹn, kí ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo wọn kúrò lórí ilẹ̀ náà. Awo kò pariwo bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti débi tó le.

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí. Alajo kò ní gba àwọn ẹran náà mọ́. Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ alápatà ni wọ́n ń lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Tíṣà," ló wí, bó ṣe máa ń pè mí, "kí la máa ṣe?"

Mo ní ká má so wọ́n mọ́lẹ̀, torí okùn ti fún ọ̀kan lọ́rùn pa rí, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló bá òkú rẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún náà kò wù mí. Àwọn ọmọ àgùntàn á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ̀gún á sì fa àwọn àgbà ya. Mo wá rántí oko màlúù kan tí mo mú àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wò nígbà kan rí, níbi tí wáyà tín-ín-rín lásán ti dá màlúù ńláńlá dúró. Wáyà iná ni.

Kí n yáa tètè tún èrò kan ṣe níbí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń pa ẹran. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ilé kọ́ ni wọ́n ń fà sí i. Ẹni tó bá fa iná ilé sí wáyà ọgbà lè pa ara rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ló wà fún un, tó ń lo bátìrì. Á ta iná wẹ́rẹ́ sínú wáyà, á dúró, á tún ta. Bí ẹran bá fi imú kàn án, iná yẹn á gba ara rẹ̀ bọ́ sínú ilẹ̀, á sì gba inú ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ nípasẹ̀ ọ̀pá irin tí a gbá mọ́lẹ̀. Ó ń dun ẹran, ẹ̀rù á bà á, á sì padà sẹ́yìn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá dí lójú ọ̀nà tí iná ń gbà yẹn, ẹran kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa bá mi lọ ra wáyà náà. Ó ní wọ́n á rẹ́ mi jẹ bí mo bá dá lọ. A kọjá sí Okaishie, ní ìsọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta nǹkan iná.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ!" ni ọkùnrin náà ké. "Wọ́n ní ẹ ti fẹ̀yìn tì."

"Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Wáyà ni mo wá rà."

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ fi ṣe ni, àbí ṣọ́ọ̀bù?"

"Àgùntàn ni."

Ó wò mí, ó tún wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ fẹ́ fa iná fún àgùntàn? Àwa èèyàn gan-an ò rí iná lò!"

"Ìwọ lo ni dumsor. Bátìrì ni tàwọn àgùntàn mi."

Kí n tó la ẹnu, ó ti nawọ́ sí wáyà pupa kan, tó nípọn, tó ń dán, rọ́bà sì bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀ pàápàá. Ó ní èyí tó dáa nìyẹn. Mo mọ ibi tí ìyẹn ti wá. Ní gbogbo ọdún tó fi tajà, kò gba ọṣẹ tí kò bá sí nínú bébà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ọjà tí kò bá wọ nǹkan sára, ọjà tí ẹlòmíràn ti ṣí wò ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí jẹ́jẹ́. "Rọ́bà ara wáyà yìí, wọ́n fi há iná mọ́nú ni. Àwa sì fẹ́ kí iná jáde."

"Kó jáde lọ síbo?"

"Sí imú àgùntàn."

"Ìhòòhò lo wá fẹ́ kí n rà?"

Ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti àwọn wáyà rẹ̀. "Bàbá, ẹ rọra sọ̀rọ̀ o. Àárín ọjà la wà."

Òun náà ló júwe ibi tí wọ́n ti ń ta wáyà irin fún wa. Níbẹ̀, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ká wo gbogbo rẹ̀ kí a tó yan ọ̀kan. Wáyà dúdú tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin rọ̀, ọwọ́ lásán á tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan ti tó kó fi dípẹtà, iná kì í sì í kọjá dáadáa níbi tó bá ti dípẹtà. Okùn rọ́bà kan wà tí wọ́n hun irin wẹ́wẹ́ mọ́ nínú. Ó fúyẹ́, ó funfun, ẹran á tètè rí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Ohun tó lé mi sẹ́yìn ni pé irin inú rẹ̀ lè já láìjẹ́ pé okùn já, èèyàn á sì máa wá ibi tó ti já kiri. Wáyà tó nípọn jù níbẹ̀ le débi pé èmi àti ọlọ́jà kò lè ká a. Èyí tí mo yàn ni wáyà irin tí kò tóbi jù, tí wọ́n ti fi síńkì bò kó má baà tètè dípẹtà. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó nu ọwọ́ nù.

"Bó ṣe tín-ín-rín tó yìí, ṣé Dúdú máa rí i?"

Ìbéèrè tó dára ni, mi ò sì tí ì ronú kàn án. Òun ló tún dá a lóhùn fúnra rẹ̀: nígbà tí a délé, ó fa aṣọ funfun kan tó ti gbó ya, ó sì so ó mọ́ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹran lè mọ ibi tó wà.

Ní ọjà Circle ni mo ti ra ẹ̀rọ náà àti bátìrì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátákó tó ń gba iná láti ara oòrùn. Igi dóńgóyárò la fi ṣe òpó, torí ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. A gé rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin oko sí wẹ́wẹ́, a fi gbé wáyà kúrò lára igi. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ga ju ojúgun lọ, nítorí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Èyí tó wà lókè dé àyà àgbò. Mo gbá ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo sì so ẹ̀rọ mọ́ ọn.

A ní láti kọ́ àwọn ẹran náà. Àgùntàn tí iná bá gbá nímú á padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ki orí bọ̀ ọ́ kó tó gbọ́ ọ, iwájú ló máa já sí. A gbé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ sórí wáyà, kó lè jẹ́ pé imú ni wọ́n á fi kàn án. Dúdú ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bojú.

"Tíṣà, má pa á fún mi o!"

Ẹ̀rọ náà ń dún, ta, ta, ta. Dúdú na imú, ó fò sẹ́yìn, ó ké, ó sá dé ẹ̀yìn ilé. Àwọn yòókù sá tẹ̀ lé e láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò sún mọ́ ọ̀dọ̀ Awo mọ́. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, ilá ń so, Awo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa "ẹ káàárọ̀" ní ìrọ̀lẹ́.

Ọyẹ́ ló bà á jẹ́. Ní ilẹ̀ Dodowa, bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ á là, koríko á di èérún. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí Dúdú tó gba àárín wáyà kọjá bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà. Ó ti fi ẹsẹ̀ iwájú sí oko ilá. Awo dúró níbẹ̀, ó ń wò ó. Mo sáré mú ẹran náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Awo yí padà, ó lọ sílé. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pé Ataa ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ wò ó lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun lọ́jọ́ náà. "Ó parí," ló ń wí. "Mo ti mọ̀ pé ó ti parí."

"Kò tíì parí," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti dí."

Ẹ̀rọ ṣì ń dún. Mo fi koríko gígùn kan kan wáyà, bí mo ṣe máa ń dán an wò. Ó yẹ kí ó ta mí lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rìn yí ọgbà náà ká. Kò sí ibi tó já, kò sí igbó tó fara kàn án, bátìrì kún. Ìgbà tí mo dé ìdí ọ̀pá irin, tí mo rí bí ilẹ̀ ṣe là kúrò lára rẹ̀, ni mo dúró. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gbé iná. Ẹran ń kan wáyà, iná náà kò sì rí ọ̀nà padà sílé. Mo bu omi dà sídìí ọ̀pá náà, mo tún fi koríko kàn án. Ó ta mí débi pé mo sọ koríko náà nù.

Inú mi dùn títí di ọ̀sán, nígbà tí ilẹ̀ ti fa gbogbo omi náà mu. Ọkọ̀ ńlá ló sì ń gbé omi wá fún wa níbẹ̀. Bóyá la ní èyí tí àwọn ẹran ń mu. Ta ló máa máa da omi sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́?

Mo ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí àkókò ìrun Ásárì tó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé búútà, ó lọ jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́yìn ilé, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo wo ìsàlẹ̀ òkúta náà. Koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, nínú ọyẹ́.

Mo dúró kó parí kí n tó sọ fún un pé omi yẹn ni ọ̀pá irin wa nílò. Síbẹ̀, ó pariwo mọ́ mi.

"Ibi tí mo ti ń fọ ẹsẹ̀ lọ kírun lo fẹ́ gbé iná sí? Tíṣà, ṣé o fẹ́ fi mí ṣe àgùntàn ni?"

"Rárá o. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí kọ́. Mo máa gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré kan, omi náà á ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ògiri lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ibẹ̀ ni mo máa gbá ọ̀pá mọ́."

Ó rò ó. "Omi àlùwàlá ńkọ́? Ṣé ó tọ́ ká máa fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Mi ò fẹ́ dá a lóhùn ohun tí mi ò mọ̀. Ó pe alùfáà mọ́ṣáláṣí wa ní Alajo lórí fóònù, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ilá títí dórí ìrun. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà láti ibi tí mo dúró sí. Ó ní omi tó ti kúrò lára èèyàn ti di ti ilẹ̀, kí wọ́n ṣáà má fi omi ṣòfò nítorí àgùntàn.

Mo gbẹ́ ojú àgbàrá náà. Mo fi ọ̀pá irin kún ti tẹ́lẹ̀, mo gbá wọn wọlẹ̀ jinlẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, mo sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Mo to òkúta yí ibẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà rìn débẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó wá kí ẹ̀gbọ́n mi tí kò ní ṣe àlùwàlá lórí òkúta yẹn.

"Tíṣà, o ti ṣe àlùwàlá?"

"Mo ti ṣe é kí n tó kúrò nílé."

"Ó ti bà jẹ́ nínú trotro. Lọ tún un ṣe."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ataa dé pẹ̀lú Awo. Ọkùnrin tó ga ni, tó sì máa ń wo nǹkan pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé bí ọgbà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ fún un, mo sọ ìdí tó fi kùnà, mo sì sọ ohun tí a ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi di etí ìborùn rẹ̀ mú.

"Ó ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó tún wá kùnà," ni Ataa wí. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí?"

Kí n tó sọ̀rọ̀, Awo ti lọ sínú oko rẹ̀. Ó já ewé ilá, ó kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró sí ìhà tirẹ̀ lára wáyà, ó sì ń pe àwọn ẹran náà, "Mẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀, ẹ wá, olè!" Gbogbo koríko tí àwọn ẹran náà ń jẹ ti gbẹ, ewé yẹn nìkan ló tutù níwájú wọn. Àwọn ẹran náà wá. Wọ́n dúró jìnnà díẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn. Dúdú yà kúrò láàárín wọn, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mí. Ẹran náà na ọrùn sí ewé náà, imú rẹ̀ kan wáyà, ló bá fò sókè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ nínú oorun. Ó sá, gbogbo wọn sá. Eruku bo ojú wa.

Awo rẹ́rìn-ín títí ewé fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó! Ó mọ̀ pé ilá mi ni!"

Ataa kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn yí ọgbà náà ká, ó wo àwọn ọ̀pá, ó wo ojú àgbàrá, ó bi mí bóyá iná náà lè ṣe Awo léṣe bó bá ń roko. Mo ní kò lè pa á, ṣùgbọ́n á dùn ún, nítorí náà mo máa sún wáyà ìhà yẹn wọnú ilẹ̀ tiwa. Ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹran yín dúró. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ kọ́lé, a máa sọ fún yín."

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ ní Gã, ó dúpẹ́ ní Twi, ó sì parí rẹ̀ ní Yorùbá. Awo kò tẹ̀ lé Ataa lọ. Ó ń wo òkìtì ìgbẹ́ àgùntàn tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbá jọ sí kọ̀rọ̀.

"Kí lẹ fi ń ṣe ìyẹn?"

"A máa ń dà á nù ni."

"Ẹ máa ń dà á nù? Ẹ̀yin àti àwọn àgùntàn yín jẹ ilá mi, ẹ wá ń da oúnjẹ ilá nù?"

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbẹ́ àgùntàn fún un nínú bàsíà, láti orí wáyà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni wọ́n ní kí n lọ pa ẹ̀rọ náà. Mo pa á, mo padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bàsíà dání, kò sún mọ́ wáyà.

"Tíṣà, ṣé o ti pa á?"

"Mo ti pa á."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n."

Òun àti Awo wo ara wọn lórí wáyà náà.

"Ó dáa," ló wí. "Fọwọ́ kàn án, ká rí i."